Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A ṢE Ń TO ÀWÒRÁN KÍ A TÓ YÀ Á

   

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn á ní, "Akọ̀wé, kí ló pa fọ́tò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àjẹṣẹ́kù? Àbí o fẹ́ fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ kí o di onífọ́tò ni?" Rárá o. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé láyé ìsinsìnyí, fọ́tò ti di ọmọ tí à ń rán níṣẹ́ dípò ara wa. Oníbàárà tó wà ní Kánò tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò fojú rí ọjà wa. Fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ló rí. Bí òjò bá ba ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan jẹ́, fọ́tò ni ìgbìmọ̀ máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó dìde lọ síbẹ̀. Bí ọmọ tí a rán kò bá mọ iṣẹ́ jẹ́, àwa tí a rán an ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi ra aṣọ aró tó dára. Oníbàárà kan láti ọ̀nà jíjìn ní kí ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Alẹ́ ni ìyá wa ya fọ́tò ọ̀hún, nínú yàrá, lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n. Aró tó dúdú minimini wá rí bí aṣọ tí wọ́n fi obì rẹ. Oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sanwó. Ìgbà tí ẹrù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Èyí kọ́ ni mo rí." Ó dá a padà, ó sì gba owó rẹ̀. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wọ gbèsè. Oṣù méjì gbáko ni ìyá wa kò fi lè san ẹ̀yáwó, a sì ní láti pe àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì. Ẹ wò ó dáadáa: ìyá yìí kò purọ́, kò jalè. Fọ́tò ló tan òun àti oníbàárà rẹ̀ jẹ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tó le, kò sì gba kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù tó wà lápò yín ti tó.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ TÍTO ÀWÒRÁN?

Ẹ̀yin ọlọ́jà ti mọ ọ́n tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, bí ẹ bá débi ìsọ̀ yín, ẹ kì í kàn da tòmátì sílẹ̀. Ẹ óò to èyí tó pọ́n síwájú, ẹ óò yọ èyí tó ti rà kúrò, ẹ óò fàyè sílẹ̀ láàárín ata àti àlùbọ́sà kí ojú oníbàárà lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a ṣe ń to àwòrán náà nìyẹn. Férémù fọ́tò ni àtẹ wa. Kí a tó tẹ bọ́tìnnì, a gbọ́dọ̀ pinnu ohun mẹ́ta: ohun tó máa wà nínú rẹ̀, ohun tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, àti ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí.

ÌLÀNÀ KÌÍNÍ: Ẹ mọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí

Kí ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ bi ara yín pé, "Kí ni mo ń fi hàn?" Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó wà lára aṣọ, iṣẹ́ ọnà náà ni ẹ fẹ́ yà, kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá jẹ́ bí ọjà ṣe pọ̀ tó nínú ìsọ̀ ni, ẹ ya gbogbo ìsọ̀. Fọ́tò tó fẹ́ sọ ohun mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í sọ ẹyọ kan tó yéni. Ẹ kúkú ya mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

ÌLÀNÀ KEJÌ: Ẹ súnmọ́ ọn

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń dúró jìnnà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn á wá kéré bí èèrà láàárín, gbogbo ìyókù á jẹ́ ilẹ̀ àti òrùlé. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn súnmọ́ ọn. Ẹ má kàn dúró sójú kan kí ẹ máa fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi lójú fóònù, nítorí pé nínú fóònù púpọ̀, gígé ni fóònù ń gé àwòrán náà tó sì ń na èyí tó kù. Á tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ṣú, kò ní mọ́ kedere.

Bí ó bá jẹ́ ọjà ilẹ̀ tàbí ọmọdé lẹ ń yà, ẹ bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí kámẹ́rà bá ohun náà dọ́gba. Ọmọdé tí a dúró lókè yà máa ń rí bí ẹni pé orí nìkan ló ní.

ÌLÀNÀ KẸTA: Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn

Ojú wa máa ń tàn wá. Bí a bá ń wo ènìyàn, ọkàn wa kì í ka òpó iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò mọ ẹni tí a ń wò. Nínú fọ́tò, òpó náà á dà bí ìwo tó hù lórí ẹni náà. Ẹ sún díẹ̀ sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì, òpó á kúrò. Bí ó bá jẹ́ ọjà, ẹ wá ògiri tó mọ́, tàbí kí ẹ ta aṣọ funfun tí kò ní àwòrán kankan lára sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí a lè kọ́ èyí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere. Wọ́n bí i ní 1930 ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ó ṣiṣẹ́ fọ́tò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó lọ sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 2014. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, irun dídì àti irun kíkó, títí tó fi kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún jọ. Kí ló ṣe? Nínú àwọn fọ́tò irun yìí, kò ya ọjà, kò ya ilé. Ó fi ohun tí kò ní àmì kankan lára sẹ́yìn, ó sì máa ń ya orí láti ẹ̀yìn nígbà púpọ̀, kí irun nìkan lè gba gbogbo ojú fọ́tò. Dúdú àti funfun ni, kò sí àwọ̀ mìíràn. Síbẹ̀ gbogbo ayé ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Ó mọ ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ kí a rí, ó sì mú ìyókù kúrò lọ́nà.

ÌLÀNÀ KẸRIN: Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Ibí yìí ni mo ti ní ẹ̀bi tèmi láti jẹ́wọ́. Ní ìpàdé ọdọọdún kan, èmi ni mo di kámẹ́rà mú. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó níwájú, àlejò wa kan sì wà láàárín wọn. Ojú mi wà lára àlejò àti alága. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ó ti dáa. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ jókòó sí ìparí ìlà, lápá òsì. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Ìyá fi dolóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní Màmá sọ fún àwọn pé wọ́n ya òun ní fọ́tò nípàdé, pé aṣọ ẹgbẹ́ lòun wọ̀, pé kí àwọn wá gbà á. Mo wá gbogbo rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí gèlè Ìyá àti ọwọ́ rẹ̀ kan lórí orúnkún ni mo rí. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo fún wọn ní èyí tó wà. Àkọ́bí rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọwọ́ Màmá nìyí lóòótọ́. Mo mọ òrùka wọn." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ láti wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé ẹ rí bí baálé ilé ṣe ń wo ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sùn? Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa fi ojú yí etí férémù ká: òkè, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì. Ta ló kù sí ìta? Kí ni kò yẹ kó wọlé tó wọlé?

Bí ẹ bá sì máa gé ara ènìyàn nínú fọ́tò, ẹ má gé e níbi oríkèé: ọrùn ọwọ́, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Á dà bí ẹni tó gé lẹ́sẹ̀ lóòótọ́. Ẹ gé e ní àyà tàbí ní agbedeméjì itan, tàbí kí ẹ ya gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Àwọn àgbà wa kò gbà kí a gé àwọn rárá. Ẹ wo fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri nílé yín. Bàbá jókòó sórí àga, ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá tẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì hàn pẹ̀lú bàtà. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé ní 1978 nípa iṣẹ́ àwọn onífọ́tò Yorùbá, ó sì ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé ìjókòó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀ọ́yà. Bí àgbà ṣe yẹ kó rí lójú àwùjọ ni wọ́n ń fi hàn. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, onífọ́tò lè ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fi àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú fọ́tò kan, kí wọ́n lè pé méjì. Ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ pé ibi tí a to ènìyàn sí nínú fọ́tò, ọ̀rọ̀ ni.

ÌLÀNÀ KARÙN-ÚN: Ìlà méjì-méjì

Ẹ fojú inú fa ìlà méjì ní ìró àti ìlà méjì ní ìbú sójú fọ́tò. Á di àpótí mẹ́sàn-án, bí ojú tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́. Ibi mẹ́rin ni àwọn ìlà náà ti pàdé. Bí ẹ bá fi ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wò sí ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin yìí, fọ́tò náà á ní èémí, kò ní rí bí ohun tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ayàwòrán ará Ìlú Ọba kan, John Thomas Smith, ló kọ nípa pípín sí mẹ́ta yìí sínú ìwé ní 1797, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ fọ́tò í yà. Fóònù púpọ̀ lè fa àwọn ìlà náà hàn yín lójú. Inú ètò kámẹ́rà ni ẹ óò ti rí i, grid ni wọ́n máa ń kọ sí i.

Ó wúlò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí aránṣọ bá ń rán aṣọ, tó kọjú sápá ọ̀tún, ẹ fi í sápá òsì, kí ojú rẹ̀ lè ní ibi tó ń wò. Bí ẹ bá fi í sí etí apá ọ̀tún, á dà bí ẹni tó forí sọ ògiri. Ìlà ilẹ̀ tàbí ìlà òrùlé náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ó bá dagun, ọjà yín á rí bí ohun tó fẹ́ yọ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìlànà yìí di òfin. Àgbà tó jókòó lórí àga, àárín ló yẹ ẹ́. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù náà, àárín ni: ẹ kọjú síwájú, kí ojú là, kí ẹ̀yìn mọ́, kí òjìji má sí lójú. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò fún ìwé ìrìnnà ni mìlímítà 35 sí 45, orí sì gbọ́dọ̀ gba nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀, tàbí kó dín díẹ̀.

ÌLÀNÀ KẸFÀ: Ẹ wá ìmọ́lẹ̀ tó dára

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìyá aládìrẹ wa wà. Iná gílóòbù tó pọ́n máa ń ki àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bọ gbogbo nǹkan. Ojú wa ń ṣàtúnṣe rẹ̀, a kò mọ̀. Kámẹ́rà kì í sábà tún un ṣe tán. Bí ó bá jẹ́ ọjà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì ni, bí aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí bàtà, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni kí ẹ lò. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ dára jù. Ọ̀sán gangan kò dára, nítorí oòrùn á wà lókè orí, òjìji dúdú á sì bọ́ sábẹ́ ojú àti sínú ìṣẹ́po aṣọ. Bí ọ̀sán ni ẹ bá rí àyè, ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi bí ara aṣọ ṣe rí hàn, yálà ó le, ó rọ̀, tàbí ó ní iṣẹ́ lára.

Ẹ má fi oòrùn sẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ẹ pa iná gílóòbù bí ẹ bá ń lo ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kí méjèèjì má dàpọ̀. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà, nítorí epo ọwọ́ àti ìyẹ̀fun máa ń bò ó. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà gan-an lójúmọmọ, kí ẹ wo méjèèjì. Bí àwọ̀ wọn kò bá jọra, ẹ tún un yà.

ÌLÀNÀ KEJE: Ẹ má fi fọ́tò ṣe òṣùwọ̀n èké

Ohun tó bá súnmọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó mú ẹja dání, tó na ọwọ́ síwájú, ẹja rẹ̀ á tó itan nínú fọ́tò. Ẹni tó to iṣu ńlá mẹ́ta síwájú, tó sì kó kéékèèké sẹ́yìn, á dà bí ẹni pé gbogbo òkìtì ló tóbi. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n ọjà. Kóńgò tí wọ́n lù wọnú ni.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ̀ pé nígbà tí àwọn 28 kan dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní December 21, 1844, ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà wà lára ìwọ̀nba ọjà tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn gbà wọ́n gbọ́ ni pé ọjà wọn kò ní àbùlà, ìwọ̀n wọn sì pé. Àwa tó ń tọ ipa ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ fi fọ́tò bu ọjà là. Ẹ fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà: kóńgò, rúlà, ọwọ́ ènìyàn, tàbí igo omi. Ẹ gbé méjèèjì sórí ìlà kan náà, kí ọ̀kan má ṣe wà níwájú èkejì. Bí ọjà bá ní àbùkù, ẹ ya àbùkù náà kí ẹ sì fi í kún un. Oníbàárà tó ti rí àbùkù kó tó sanwó kò ní dá ẹrù padà.

FỌ́TÒ MẸ́TA FÚN ÌGBÌMỌ̀

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjà, ṣọ́ọ̀bù tàbí òfò han ìgbìmọ̀, ẹ má mú ẹyọ kan wá. Ẹ mú mẹ́ta wá.

1. Ti òkèèrè: gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àti ohun kan tí a fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni, bíi pátákó tàbí ilé tó kángun sí i.
2. Ti àárín: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, bí igun tí omi ti wọlé.
3. Ti ìtòsí: ohun tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀, kí a lè kà á kí a sì rí bó ṣe bàjẹ́ tó.

Ẹnì kan mú fọ́tò àpò ìrẹsì mẹ́rin tó rin gbingbin wá lọ́dún kan. Òótọ́ ló ń sọ, àpò rẹ̀ tó bàjẹ́ ju ogún lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni fọ́tò fi hàn, kò sì hàn pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ fi máa débẹ̀, ó ti kó ẹrù náà dànù nítorí òórùn. Ìrànwọ́ tó yẹ ẹ́ kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yan ọjà kan, kó yà á lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń yà á tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìlànà méjèèje yìí. Ẹ mú méjèèjì wá, a óò jọ wò ó. Kí ẹ sì wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Kí nìdí tí fífi ẹsẹ̀ súnmọ́ ọjà fi dára ju fífi ìka fa àwòrán lọ?
2. Àwọn ibo lára ènìyàn ni kò yẹ kí etí fọ́tò gé?
3. Irú fọ́tò wo ni àárín yẹ, irú wo ni ẹ̀gbẹ́ yẹ?
4. Kí ni ìyá aládìrẹ ì bá ti ṣe kó tó fi fọ́tò ránṣẹ́?
5. Báwo ni fọ́tò ṣe lè di òṣùwọ̀n èké láìjẹ́ pé ẹni tó yà á sọ ọ̀rọ̀ kankan?

Ẹni tí ẹ̀kọ́ yìí kò bá yé, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ ìsanwó. Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kù: ní ìpàdé ọdọọdún wa tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá di kámẹ́rà mú, kó kọ́kọ́ ya àwọn ìyá àti bàbá tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí àga, látorí dé bàtà. Lẹ́yìn ìyẹn kí a tó wá ya àwọn ìgbìmọ̀ àti àlejò.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
AKỌ̀WÉ